Ẹ̀dà Tuntun Dé, Ẹ̀dà Àtijọ́ Kò Lọ: Àlàyé lórí Ètò Ògbufọ̀ inú Kọ̀ǹpútà

Ìfáàrà

Ní ọ́fíìsì ilé-ìwé kan tí a kò ní dárúkọ, ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí àwọn olùkọ́ fi ń kó máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ. Ètò yìí kò lè dá ṣiṣẹ́. Ó nílò ohun kan tí wọ́n ń pè ní Java. Nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà náà bá sọ pé Java tuntun ti dé, olùkọ́ tí ó ń mójú tó o a tẹ ibi tí wọ́n bá ní kí ó tẹ̀, a dúró títí iṣẹ́ náà yóò fi parí, a sì gbà pé ohun gbogbo ti bọ́ sípò. Ní ọjọ́ kan, a jọ ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà náà ti ń to orúkọ gbogbo ètò tí ó wà lórí rẹ̀. Java mẹ́rin ni a bá níbẹ̀. Ẹnu ya olùkọ́ náà. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣebí tuntun ti gba ipò àtijọ́?"

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ohun tí a fẹ́ fi yé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ni pé iṣẹ́ méjì ni iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ẹyọ kan. Fífi ẹ̀dà tuntun sórí kọ̀ǹpútà ni èkíní. Mímọ ohun tí a ó ṣe sí ẹ̀dà àtijọ́ ni èkejì. Ẹni tí ó bá ṣe èkíní tí kò ṣe èkejì kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Bóyá ẹnì kan yóò bi wá pé kí ni èyí kan olùkọ́ Yorùbá. Ó kàn án gan-an. Orí kọ̀ǹpútà ni púpọ̀ nínú wa ń kó máàkì pa mọ́ sí lóde òní. Orí rẹ̀ náà ni a ń tẹ ìbéèrè ìdánwò sí ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìdánwò. Bí olè bá rí ọ̀nà wọ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó ṣe ìdánwò náà ni yóò jìyà rẹ̀. A ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí Java àti irú rẹ̀ jẹ́, a ó wá wo ìdí tí àtijọ́ fi ń ṣẹ́kù àti ewu tí ó wà nínú rẹ̀, kí a tó sọ bí a ṣe lè ṣe ìmọ́tótó náà láìba nǹkan jẹ́.

1. Kí ni ètò ògbufọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a rántí kóòtù ayé ìjọba amúnisìn. Adájọ́ òyìnbó kò gbọ́ Yorùbá, olùpẹjọ́ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ògbufọ̀ ni ó dúró láàárín àwọn méjèèjì. Bí ògbufọ̀ kò bá wá, ẹjọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀, bí ó ti wù kí ẹnu olùpẹjọ́ dùn tó.

Bí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti rí nìyẹn. Èdè tí ènìyàn fi ń kọ ètò yàtọ̀ sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, oríṣiríṣi ẹ̀rọ sì ni ó wà pẹ̀lú èdè tiwọn. Nígbà kan, ẹni tí ó bá kọ ètò fún irú kọ̀ǹpútà kan ní láti tún un ṣe kí ó tó lè ṣiṣẹ́ lórí irú mìíràn. Ní 1995, ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà gbé Java jáde. James Gosling ni aṣáájú àwọn tí ó ṣe é. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọn a tú ètò sí èdè agbedeméjì kan tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ kankan. Lẹ́yìn èyí, wọn a fi ògbufọ̀ tí ó gbọ́ èdè agbedeméjì náà sórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Ibikíbi tí ògbufọ̀ yìí bá wà, ètò kan náà yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìjẹ́ pé a tún un kọ.

Ohun tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni a pè ní ètò ògbufọ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Java nìkan kọ́ ni ó wà. Ilé-iṣẹ́ Microsoft ní tirẹ̀ tí ń jẹ́ .NET, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2002. Ètò tí a bá sì fi èdè Python kọ náà kì í sábà ṣiṣẹ́ bí kò bá sí ògbufọ̀ Python nítòsí. A kì í rí ètò ògbufọ̀ lójú iṣẹ́: ẹni tí ó ń tẹ máàkì kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń tètè gbàgbé rẹ̀.

2. Ìdí tí ẹ̀dà àtijọ́ fi ń ṣẹ́kù

Ènìyàn ni ó ṣe ètò ògbufọ̀, àṣìṣe kò sì lè ṣàì wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Bí àwọn tí ó ṣe é bá rí àṣìṣe, wọn a ṣe àtúnṣe, wọn a sì gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Java 6 jáde ní oṣù Kejìlá 2006, Java 7 ní oṣù Keje 2011, Java 8 ní oṣù Kẹta 2014. Láàárín ọ̀kan sí èkejì, àtúnṣe kéékèèké wà tí wọ́n ń pè ní Update, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ó yẹ kí a kíyè sí nọ́ńbà wọ̀nyí, nítorí wọ́n máa ń rú ènìyàn lójú. Ní ibòmíràn, kọ̀ǹpútà a máa kọ 1.8 sí ibi tí ó yẹ kí ó kọ 8. Ohun kan náà ni wọ́n. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè rò pé 1.8 ti pẹ́ ju 7 lọ, kí ó sì yọ èyí tí ó yẹ kí ó fi sílẹ̀.

Kí ni ó wá fà á tí tuntun kì í fi í lé àtijọ́ lọ? Ìdí rẹ̀ dára ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó kọ ètò máàkì ní 2009 dán an wò pẹ̀lú ògbufọ̀ tí ó wà ní 2009. Kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ògbufọ̀ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò túmọ̀ gbogbo gbólóhùn bí ti àkọ́kọ́ ti ṣe é. Nítorí kí iṣẹ́ àwọn ènìyàn má baà dẹnu kọlẹ̀ lójijì, tuntun a ya fódà tirẹ̀ sọ́tọ̀, a sì fi àtijọ́ sílẹ̀ ní àyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Java ṣe fún ọdún púpọ̀. Láti Java 6 Update 10, tí ó jáde ní 2008, ọ̀nà náà yí padà díẹ̀: tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan èyí tí ó ti wà ṣáájú ìyẹn, kò sì yọ èyíkéyìí tí ó ti wà kí Java 6 Update 10 tó dé.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Kọ̀ǹpútà tí a rà lánàá lè ní ohun gbogbo tí kọ̀ǹpútà ọdún mẹ́wàá ní, ṣùgbọ́n kò lè ní ẹ̀dà àtijọ́ tó o.

3. Ewu tí ó wà nínú rẹ̀

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá kéde pé òun ti dí ihò kan nínú ètò òun, ó ti fi han gbogbo ayé pé ihò náà wà nínú ẹ̀dà àtijọ́. Olóòótọ́ gbọ́, olè náà gbọ́. Olè kò sì ní láti wá ihò mìíràn kiri. Ó tó fún un kí ó máa wá ẹni tí ó ṣì ń lo ẹ̀dà àtijọ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Fífi Java tuntun sí ẹ̀gbẹ́ Java àtijọ́ dà bí kí a mọ ògiri tuntun kí a sì fi ògiri tí ó lanu sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú ìjọba ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ Oracle ti ra Sun Microsystems ní 2010, Java sì ti di tirẹ̀. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, 2015, àjọ Federal Trade Commission, èyí tí ń gba ẹ̀tọ́ oníbàárà jà ní orílẹ̀-èdè náà, kéde ẹ̀sùn tí ó fi kan Oracle. Àjọ náà sọ pé Java wà lórí kọ̀ǹpútà tí ó lé ní mílíọ̀nù 850. Ẹ̀sùn náà ni pé Oracle ń sọ fún àwọn ènìyàn pé bí wọ́n bá ti fi àtúnṣe tuntun sí i, ọkàn wọn balẹ̀, ṣùgbọ́n kò là á yé wọn pé àwọn ẹ̀dà àtijọ́ lè ṣì wà níbẹ̀, kí àwọn ọ̀daràn sì gba ibẹ̀ wọlé. Oracle gbà láti parí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àjọ náà, àṣẹ ìkẹyìn sì jáde ní oṣù Kẹta 2016. Lára ohun tí àṣẹ náà là sílẹ̀ ni pé, bí ènìyàn bá ń ṣe àtúnṣe Java, kí a sọ fún un bí ẹ̀dà àtijọ́ bá wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí a sọ ewu rẹ̀ fún un, kí a sì fún un ní àǹfààní láti yọ ọ́.

Ẹ kíyè sí i pé kókó ẹ̀sùn yìí kì í ṣe pé ihò wà nínú Java. Kò sí ètò tí kò ní ihò. Kókó rẹ̀ ni pé wọ́n lo ọ̀rọ̀ kan, "àtúnṣe", ènìyàn sì gbọ́ ohun tí ó ju ohun tí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ. Àwa tí ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ wa yẹ kí a tètè rí irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn nǹkan kan ti yí padà láti ìgbà náà wá. Láti Java 8 Update 20, tí ó jáde ní 2014, ètò tí ó ń gbé Java sórí Windows ti lè bá ènìyàn wá ẹ̀dà àtijọ́ kí ó sì yọ ọ́. Ilẹ̀kùn tí ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà pe Java tẹ́lẹ̀ náà ti tì. Chrome tì í ní 2015, Firefox ní 2017, Java fúnra rẹ̀ sì yọ ọ́ kúrò pátápátá ní ẹ̀dà 11 tí ó jáde ní 2018.

Ṣùgbọ́n ewu kò tán. Ó kàn yí ìrìn padà ni. Olè tí ó bá ti bá ọ̀nà mìíràn wọlé lè lo ẹ̀dà àtijọ́ tí ó bá nílé. Yàtọ̀ sí èyí, láti Java 11 ni Oracle kò ti gbé ògbufọ̀ jáde ní òun nìkan fún gbogbo ènìyàn bí ti àtẹ̀yìnwá. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń ṣe ètò ń gbé ògbufọ̀ tirẹ̀ sínú fódà ètò náà gan-an. Irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í hàn lórúkọ ara rẹ̀ nínú àtòkọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè sọ ọ́ di tuntun ni kí a sọ ètò tí ó gbé e wá di tuntun.

4. Ohun tí àkọtọ́ kọ́ wa

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjèjì sí olùkọ́ Yorùbá. Ní 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò títí di òní. Ó ti tẹ́wọ́ gba "ayé", "ènìyàn", "wọ́n" àti "ẹ̀yin". Ṣé ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i ni "aiye", "enia", "nwọn" àti "ẹnyin" kúrò nílẹ̀? Gbogbo ẹni tí ó ti máàkì ìwé ìdánwò mọ ìdáhùn. Àkọtọ́ tuntun wọ ilé-ìwé, ti àtijọ́ sì wà nínú ìwé tí ó wà lórí pẹpẹ nílé. Akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwé ilé, ó gbé e wá sí gbọ̀ngàn ìdánwò, olùdánniwò sì fa igi sí i.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́. Èkíní ni pé àṣẹ tí ó mú tuntun wọlé kì í lé àtijọ́ jáde fúnra rẹ̀. Ènìyàn ni yóò wá a rí. Èkejì ni pé kì í ṣe gbogbo àtijọ́ ni ó yẹ kí a dà nù. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 1974 ṣì ń kà, ẹni tí wọ́n kọ "Oshogbo" sínú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Ohun tí ó ní ẹni tí ń lò ó kì í ṣe pàǹtí. Ibi tí àfiwé náà parí sí ni pé kò sí olè tí ó lè gba inú "aiye" wọlé wá jí ìbéèrè ìdánwò.

5. Bí a ṣe lè ṣe ìmọ́tótó náà

Kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ó pọ̀ jù ní ọ́fíìsì àwọn ilé-ìwé wa.

(i) Kí a mọ ohun tí ó wà nílẹ̀. Ní Windows 11, a ó ṣí Settings, a ó tẹ Apps, a ó sì tẹ Installed apps. Bí a bá kọ Java sínú àpótí tí a fi ń wá nǹkan níbẹ̀, gbogbo Java tí ó bá wà nínú àtòkọ yóò yọjú. Kí a kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn sílẹ̀ sórí ìwé. Àwọn kan a máa lo àṣẹ java -version. Àṣẹ yìí dára, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń dáhùn, èyí tí kọ̀ǹpútà bá kọ́kọ́ bá lójú ọ̀nà. Olùkọ́ tí ó pe orúkọ nínú kíláàsì tí ẹnì kan ṣoṣo sì dáhùn kò lè sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà níjòókòó.

(ii) Kí a béèrè ẹni tí ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ètò wo ni ó nílò Java lórí kọ̀ǹpútà yìí? Ẹ̀dà wo ni ẹni tí ó ṣe ètò náà ní kí a lò? Bí a kò bá mọ̀, kí a bi í kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

(iii) Kí a ṣe àdàkọ máàkì àti àwọn fáìlì pàtàkì mìíràn sí ibòmíràn tí kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà náà. Kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

(iv) Kí a gba ẹ̀dà tuntun láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é gan-an. Kí a má ṣe gbà á láti inú lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́, tàbí láti inú ìpolówó tí ó ṣàdédé yọ sójú kọ̀ǹpútà pé Java wa ti gbó. Ọ̀pọ̀ olè ni ó ń gba ọ̀nà yìí.

(v) Kí a pa kọ̀ǹpútà kí a sì tún un tàn, kí a wá ṣí ètò máàkì. Kí a tẹ máàkì kan sí i, kí a tẹ̀wé kan jáde, kí a rí i pé ohun gbogbo ń lọ déédéé. A kì í lé ògbufọ̀ àtijọ́ lọ nígbà tí a kò tíì gbọ́ ohùn tuntun.

(vi) Kí a wá yọ àtijọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú àtòkọ tí a ti rí wọn ni kí a ti tẹ Uninstall. Kí a má ṣe wá fódà rẹ̀ kiri kí a fi ọwọ́ pa á rẹ́, nítorí àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò ṣẹ́kù níbòmíràn nínú Windows, yóò sì máa da kọ̀ǹpútà láàmú bí a bá fẹ́ fi òmíràn sí i.

(vii) Kí a tún àtòkọ náà wò, kí a fi wé ohun tí a kọ sórí ìwé, kí a sì tún dán ètò máàkì wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí a kọ ọjọ́ tí a ṣe é sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa.

6. Èyí tí kò yẹ kí a fi ìkánjú yọ

Ẹni tí ó bá ṣí àtòkọ náà yóò rí àwọn kan tí orúkọ wọn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Microsoft Visual C++, pẹ̀lú ọdún lẹ́yìn wọn: 2005, 2008, 2010, 2012, 2013. Ó lè rò pé èyí tí ọdún rẹ̀ kéré jù ni àkísà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í túmọ̀ èdè. Àká irinṣẹ́ ni wọ́n, èyí tí ètò tí wọ́n kọ ní àsìkò kọ̀ọ̀kan ń yá lò. Irinṣẹ́ 2013 kò lè ṣe iṣẹ́ 2008. Láti 2015 ni Microsoft ti mú kí àwọn tí ó ń tẹ̀ lé ara wọn jẹ́ ìdílé kan, tí tuntun fi lè gba ipò èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí a bá yọ ti 2008 láìbéèrè, ètò kan tí a kò ronú kàn lè kọ̀ láti ṣí lọ́jọ́ kejì.

Ti .NET náà rí bẹ́ẹ̀. Ètò tí wọ́n ṣe fún .NET 6 kì í déédé bọ́ sórí .NET 8 fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè jọ wà lórí kọ̀ǹpútà kan. Síbẹ̀, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe .NET 6 dúró ní oṣù Kọkànlá 2024. Ẹ̀dà tí ó ní ẹni tí ń lò ó, tí kò sì ní ẹni tí yóò dí ihò rẹ̀ mọ́, ni ó le jù. Ohun tí ó tọ́ ni kí a kọ̀wé sí ẹni tí ó ṣe ètò náà pé kí ó gbé e sórí èyí tí ó wà lójú ọpọ́n. Bí kò bá sí ẹni náà mọ́, kí a ya kọ̀ǹpútà kan sọ́tọ̀ fún ètò yẹn nìkan, kí a má ṣe so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìkádìí

A ti rí i pé ètò ògbufọ̀ ni ó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ètò tí a ń lò sọ̀rọ̀ yé kọ̀ǹpútà. A ti rí i pé ìdí rere ni ó jẹ́ kí àtijọ́ máa ṣẹ́kù nígbà tí tuntun bá dé, pé ìdí rere yìí náà ni ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún olè. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi ara wa nípa ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjì péré: ta ni ó ń lò ó, ta ni ó sì ń tún un ṣe? Èyí tí kò bá ní ẹni tí ń lò ó, kí a yọ ọ́. Èyí tí ó bá ní, kí a mọ̀ pé ó wà, kí a sì mọ ìdí tí a fi fi í sílẹ̀.

Nínú Java mẹ́rin tí a bá ní ọ́fíìsì ilé-ìwé tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹyọ kan péré ni ètò máàkì ń lò. Àwọn mẹ́ta yòókù ti wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìní iṣẹ́, inú kọ̀ǹpútà tí ìbéèrè ìdánwò ń sùn sí. Kò gbà wá tó ìdajì wákàtí láti yọ wọ́n. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí olùkọ́ tí ó bá ka àpilẹ̀kọ yìí ṣí àtòkọ tirẹ̀ wò kí àsìkò ìdánwò tó ń bọ̀ tó wọlé dé.